Lẹ́ǹsì Ọ̀gá Bùrèmọ́ Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ọwọ́ yín ṣe, ẹ sún mọ́bí. Fọ́tò ni mo yà jẹun ní Ìlá yìí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀mọkùnrin títí mo fi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi pa ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe kọ́ ọ, ohun tó bà jẹ́ lọ́wọ́ mi, àti bó ṣe jẹ́ pé mo lọ ra kámẹ́rà tuntun nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ra ọ̀pá ìtilẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òótọ́ kan, kí ẹ má baà rò pé ẹni rere kan ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Òjòwú ni mí. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo jowú rẹ̀ láyé mi, Kàsìmù lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́. Nítorí owú yẹn, mo fi lẹ́ǹsì kan tó jẹ́ tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi fún ogójì ọdún dín ọ̀kan. Lẹ́ǹsì yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Gbogbo ìyókù, ọbẹ̀ tí a fi ń jẹ ẹ́ ni.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gba àlàyé. Télọ̀ ni bàbá mi, ó rán agbádá fún Ọ̀gá Bùrèmọ́ onífọ́tò, Ọ̀gá ní òun ń wá ọmọ iṣẹ́, bàbá mi nawọ́ sí mi. Ní ti owó, iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó bọ́ àwọn ọmọ mi, kò sọ mí di olówó. Ó parí.

Ọ̀gá Bùrèmọ́ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ funfun ló máa ń wọ̀ sídìí iṣẹ́ tó kún fún kẹ́míkà, a kò sì rí àbàwọ́n kan lára rẹ̀ rí. Kámẹ́rà ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí a máa ń bẹ̀rẹ̀ wò láti òkè, bí ẹni ń wo inú kànga. Nínú rẹ̀, ọ̀tún ń di òsì, òsì ń di ọ̀tún. Lẹ́ǹsì méjì ló ń lò mọ́ ọn. Ọ̀kan wà fún iṣẹ́ gbogbo: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tò lórí ìlà, ìyàwó tuntun, ilé tuntun. Èkejì wúwo bí ọmọ ọlọ, ojú ènìyàn nìkan ló sì ń fi í yà. Bí ó bá fi èyí ya ìyá arúgbó, wàá lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ á sì rọ̀ lọ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Àwọn kámẹ́rà ìgbà yẹn kì í wá ojú ènìyàn fúnra wọn. Ọwọ́ la fi ń yí òrùka ara lẹ́ǹsì, díẹ̀díẹ̀, títí ojú ẹni náà yóò fi mọ́ kedere. Fókọ́ọ̀sì là ń pe ìyẹn, òun sì ni iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá lè ṣe fókọ́ọ̀sì, onífìtílà ni, kì í ṣe onífọ́tò.

Ní ọdún kìn-ín-ní, n kò fọwọ́ kan kámẹ́rà. Mo ń gbálẹ̀, mo ń pọn omi tí a fi ń ṣan fọ́tò. Ní ọdún kejì, Ọ̀gá mú pílásítà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà jíjìnnà sí lára lẹ́ǹsì, ó ní ojú ara wa la ó máa fi wọn ilẹ̀. Bí ó bá ń jẹun lọ́wọ́, á kàn pe èèyàn.

“Lásísì, ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló wà láàrin rẹ àti igi ọsàn yẹn?”

“Méjìlá, sà.”

“Lọ wọ̀n ọ́n.”

Màá lọ máa fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀, ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí màá fi dé ìdí ọsàn. Á jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí mo bá ti ṣì í, iye tó jẹ́ gan-an ni iye korobá omi tí màá pọn lọ́jọ́ náà. Apá mi le bí igi nígbà yẹn, ẹ lè fi ìyẹn mọ bí mo ṣe máa ń gbà á.

Ọdún yẹn náà ni Kàsìmù dé. Ọmọ adẹ́mu ni, láti Òkè-Ìlá, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, a sì ti fún mi ní ipò àgbà ọmọ iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó dé, Ọ̀gá nawọ́ sí òpó iná tó wà níwájú òpópónà.

“Mélòó ni?”

“Mọ́kànlélógójì, sà.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní kí èmi lọ wọ̀n ọ́n. Mọ́kànlélógójì ni. Ọ̀gá mi orí, ó ní, “Hẹn.”

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo ti lo ọdún kan lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí, n kò gbọ́ irú “hẹn” yẹn rí. Mo bi Kàsìmù bó ṣe ṣe é. Ó ní láti kékeré ni òun ti máa ń jókòó sídìí ọ̀pẹ bí bàbá òun bá ń gùn ún, tí òun á máa wo bí okùn igbà ṣe jìnnà sí ilẹ̀, nítorí ẹ̀rù kí bàbá má jábọ́. Ó sọ ọ́ láìfi ṣe fáàrí. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Ì bá jẹ́ pé ó ń fi oògùn ṣe é, ọkàn mi ì bá balẹ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí mo bá ṣe, ojú kan ni mo fi ń wo iṣẹ́, mo ń fi èkejì wo Kàsìmù. Bí Ọ̀gá bá pè é wọ inú yàrá òkùnkùn, mo máa ń gbá ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀, kí n lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Òun a sì máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n, a máa dọ̀bálẹ̀ kí mi láràárọ̀. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹ wo àyà mi nínú àwọn fọ́tò ìgbà yẹn, eegun ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa fọ́tò ìbejì, nítorí ibẹ̀ ni mo ti bà á jẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá rìnrìn àjò, a kì í la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọn kò sì tíì ya àwọn méjèèjì pọ̀ rí, ìyá wọn á mú èyí tó kù wá sọ́dọ̀ wa. A ó ya ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì sórí fíìmù kan ṣoṣo, kí ó lè jókòó ti ara rẹ̀ bíi pé àwọn méjèèjì ló wá. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, ọmọ kan náà yìí la ó wọ aṣọ obìnrin fún, tí a ó tún wọ aṣọ ọkùnrin fún. Ìyá á gbé fọ́tò náà kọ́ sílé, ọkàn rẹ̀ á fara balẹ̀, èyí tó lọ kò ní bínú pé a gbàgbé òun.

Irinṣẹ́ tí Ọ̀gá ń fi ṣe é kò ju ìdérí agolo mílíìkì kan lọ. Ó gé ìdajì rẹ̀ kúrò, ó fi èédú kun ìyókù dúdú, ó ń dé e mọ́ ojú lẹ́ǹsì. Ìdérí aláàbọ̀ là ń pè é. Ó ń fi ìdajì fíìmù sínú òkùnkùn nígbà tí a bá ń ya ìdajì kejì. Lẹ́yìn náà a ó yí ìdérí sódìkejì, ọmọ á bọ́ sórí àga kejì, a ó tún yà á. Ohun méjì la gbọ́dọ̀ yí: ìdérí àti ọmọ.

Lọ́jọ́ kan Ọ̀gá ń lọ síbi ìsìnkú ní Ìkìrun. Kí ó tó lọ, ó ní, “Ìyá Ìbejì kan ń bọ̀ láti Ìrèsì lọ́la. Táyé rẹ̀ ọkùnrin ló rìnrìn àjò, Kẹ́hìndé obìnrin ló kù. Kàsìmù ni kó yà á. Lásísì, bá a di ẹsẹ̀ kámẹ́rà mú.”

Èmi, àgbà ọmọ iṣẹ́, kí n di ẹsẹ̀ kámẹ́rà mú fún Kàsìmù. N kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyá Ìbejì tètè dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kàsìmù sì wà nídìí kànga. Mo ní kí obìnrin náà wọlé, pé èmi ni àgbà níbẹ̀. Kẹ́hìndé jẹ́ ọmọ bí ọdún mẹ́rin, ojú rẹ̀ rógódó, ó wọ bùbá, ó wé gèlè kékeré. Mo gbé e sórí àga kìn-ín-ní, mo yà á, ó dára. Ìyá rẹ̀ pààrọ̀ aṣọ fún un, ó wọ dàńṣíkí fún un, ó dé e ní fìlà Táyé. Mo gbé e sórí àga kejì. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí korobá ń kan ara wọn lẹ́yìnkùlé, Kàsìmù ń bọ̀. Mo yára bẹ̀rẹ̀ wo inú kámẹ́rà, n kò rí ọmọ, òkùnkùn ni mo rí. Kámẹ́rà tí ọ̀tún ń di òsì nínú rẹ̀ ni, mo sì ń kánjú kí Kàsìmù tó wọlé. Dípò kí n yí ìdérí, ọmọ ni mo gbé padà sórí àga kìn-ín-ní, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo yà á. Kàsìmù fi korobá lélẹ̀, ó wọlé, mo sọ fún un pé iṣẹ́ ti parí. Ó wo ìdérí, ó wo àga, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní kí ó lọ pọn omi sí i.

Obìnrin náà ń padà sí Ìrèsì lọ́jọ́ náà, ó ní òun máa dúró gbà á. Inú mi dùn, mo fẹ́ kí Ọ̀gá dé bá iṣẹ́ tó ti parí. Mo fọ fíìmù, mo tẹ fọ́tò kan, mo sì gbé e jáde ní tútù kí n tó wò ó dáadáa. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi kò fi ẹ̀sọ̀ mú un.

Ìdajì fọ́tò náà dúdú pátápátá, àga òfìfo kò tilẹ̀ hàn níbẹ̀. Ní ìdajì kejì, ọmọ kan jókòó tó ní ojú mẹ́rin, fìlà Táyé wọ inú gèlè Kẹ́hìndé, ẹnu gun orí ẹnu. Ìyá wọn wò ó. Ó rọra gbé e sórí bẹ́ńṣì, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

“Ó ti jókòó lé e lórí,” ó ní. “Ó wá mú un ni.”

Mo fẹ́ ṣàlàyé nípa ìdérí. Ta ló fẹ́ gbọ́ nípa ìdérí? Ó pọn ọmọ, ó mú fọ́tò náà, ó jáde. Ọjọ́ kejì, ibà gbé Kẹ́hìndé dè, wọ́n gbé e wá sí ọsibítù ní Ìlá, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ní ṣọ́ọ̀bù Bùrèmọ́ ni wọ́n ti ya ẹni tó lọ mọ́ ẹni tó kù. Fún ọjọ́ mẹ́rin tí ọmọ náà fi dùbúlẹ̀, kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ lójúde, mo máa ń rò pé ìròyìn ikú ló dé. Mo bẹ Ọlọ́run nígbà yẹn, tọkàntọkàn ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí òótọ́: mo tún ń bínú pé tí ó bá jẹ́ Kàsìmù ló yà á, kò ní bà jẹ́.

Ọmọ náà gbádùn. Ọ̀gá mú mi lọ kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi lẹ́ǹsì wúwo yẹn sí kámẹ́rà, ó pe Kàsìmù, Kàsìmù sì ya Kẹ́hìndé àti Táyé, wọ́n jókòó ti ara wọn bí ìbejì gidi, ọwọ́ tẹmọ́ itan. Ìyá wọn sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ kámẹ́rà mú.

Ọ̀gá kò nà mí. Ì bá nà mí, ó ì bá sàn. Ó kàn ní, “Lásísì, ọwọ́ rẹ dára. Ojú rẹ ni kò sí lára iṣẹ́. Ara Kàsìmù ló wà.”

Nígbà tí mo gba òmìnira, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi sí Ìlá. Kàsìmù padà sí Òkè-Ìlá, ó ṣí tirẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún. Lọ́jọ́ kan Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí, àìsàn ti gbé e dè, aṣọ funfun rẹ̀ wà lára ìṣó. Kámẹ́rà rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ó fa àpò awọ kékeré kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, lẹ́ǹsì wúwo náà wà nínú rẹ̀, ìdérí aláàbọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀.

“Gbé e fún Kàsìmù,” ó ní. “Sọ fún un pé mo ní kó máa lò ó.”

“Ó dáa, sà.”

Ó kú ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ní ibi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Kàsìmù jókòó tì mí lórí ẹní. Ó rọra bi mí, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ wà nítòsí. Ṣé Ọ̀gá ò fi nǹkan kan rán yín sí mi?”

Àpò awọ náà wà nílé mi lákòókò yẹn. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, “Kò sọ nǹkan kan.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ó mi orí, ó ń wo ilẹ̀. Mo rò pé màá gbé e fún un ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó yá mo rò pé màá gbé e fún un lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀. Nígbà tó pẹ́ jù, ìtìjú kò jẹ́ kí n gbé e fún un mọ́. Èmi alára kò sì lò ó, nítorí kò wọ ara kámẹ́rà kankan tí mo ní. Mo kàn ń fi í pamọ́ kí ó má baà dé ọwọ́ Kàsìmù.

Iṣẹ́ ń yí padà. Fọ́tò aláwọ̀ dé, kò sí ẹni tó fẹ́ dúdú àti funfun mọ́, yàrá òkùnkùn mi di ibi tí ìyàwó mi ń kó iṣu sí. Òṣogbo là ń gbé fíìmù lọ kí ẹ̀rọ bá wa fọ̀ ọ́. Kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù dé, mo ra ọ̀kan, ó ń ṣe fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ó ń dún pí, mo ń tẹ̀ ẹ́. Fóònù ló wá parí rẹ̀. Ọmọ tí mo ya fọ́tò ìkómọ rẹ̀ á dúró níwájú mi, á fi fóònù ya ara rẹ̀, á bi mí bóyá iná wà ní ṣọ́ọ̀bù mi kí òun lè gba iná sí fóònù náà. Mo ti ilẹ̀kùn. Ara mi balẹ̀. Mo rò pé owú ti tán nínú mi, nítorí pé kò sí iṣẹ́ mọ́ tí a ó fi jowú.

Ní ọdún tó kọjá, wọ́n ṣe yìgì ọmọ Kẹ́hìndé ní Ìlá. Kẹ́hìndé yẹn kan náà, ó ti di ìyá ńlá, irun rẹ̀ ti ń funfun. Kò mọ̀ pé èmi ni mo ya ojú mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ ti jó fọ́tò yẹn, kò sì dárúkọ mi fún un. Ó jókòó tì mí, ó fa fóònù yọ.

“Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọṣẹ́, ẹ bá mi wo fọ́tò yìí. Bàbá Kàsìmù ti Òkè-Ìlá ló yà á.”

Mo wò ó. Irun funfun rẹ̀ ni mo lè kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi ẹyinjú rẹ̀ ń dán. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ lọ. Kì í ṣe fóònù ló ya irú èyí, kì í sì í ṣe kámẹ́rà tó ń dún pí.

“Kámẹ́rà wo ló ń lò?”

“Wọ́n ní tuntun ni, Bàbá, kékeré báyìí. Ó ní kò ní dígí nínú, àwọn lẹ́ǹsì àtijọ́ tòun náà ń wọ̀ ọ́. Àwọn èèyàn ń ti Òṣogbo wá bá a báyìí.”

Wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran wá síwájú mi. Mo wò ó títí eṣinṣin fi bà lé e. Kàsìmù, ní ọjọ́ orí yìí. Tí kò tilẹ̀ ní lẹ́ǹsì Ọ̀gá. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ tí ẹni tó ní lẹ́ǹsì Ọ̀gá bá wá ra irú kámẹ́rà náà? Ọ̀sẹ̀ kejì, mo fi àpò awọ sápò agbádá mi, mo wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo. Ìyàwó mi bi mí ibi tí mo ń lọ, mo ní mo fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan.

Ọmọbìnrin kan ló ń ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù oníkámẹ́rà tí mo wọ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi. Ó fẹ́ ta lẹ́ǹsì tuntun mọ́ kámẹ́rà fún mi, mo ní rárá, mo ní tèmi. Ó ṣàlàyé pé àwọn kámẹ́rà tó ṣáájú èyí ní dígí kan tó ń fò sókè nínú ikùn wọn, pé nítorí pé èyí kò ní in, inú rẹ̀ ṣófo, lẹ́ǹsì ayé àtijọ́ èyíkéyìí lè bá a lọ tí a bá fi òrùka irin kan sáàárín wọn. Mo yan èyí tí ó ní ihò tí a ń fojú wò, nítorí oòrùn wa kì í jẹ́ kí èèyàn rí ohun tó hàn lójú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà. Kì í ṣe tuntun, ẹnì kan ti lò ó rí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ dá. Ó lọ́ òrùka mọ́ ọn, ó lọ́ lẹ́ǹsì mi mọ́ òrùka. Kámẹ́rà kọ̀, kò yàwòrán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kámẹ́rà rò pé kò sí lẹ́ǹsì lára òun ni, pé a gbọ́dọ̀ sọ fún un kó má wulẹ̀ wá a. Ó tẹ nǹkan méjì mẹ́ta, ó gbọ́.

“Ẹ wá wò ó, Bàbá. Ẹ máa yí lẹ́ǹsì yín. Ibi tó bá mọ́, á tan iná pupa.”

Mo yí i. Nínú ihò náà, iná pupa tínínrín ń rìn lórí ohun gbogbo, ó gun etí tábìlì, ó gun ọwọ́ ọmọbìnrin náà, ó dúró sí ìpéǹpéjú rẹ̀. Ọ̀tún jẹ́ ọ̀tún nínú rẹ̀, òsì jẹ́ òsì. Ó yà mí lẹ́nu, inú sì bí mi. Korobá omi mélòó ni mo pọn kí n tó mọ èyí? Ẹni tí kò mọ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta yàtọ̀ sí mẹ́sàn-án lè wá rà á, kí ó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ń jowú kámẹ́rà fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan tó wà nínú rẹ̀ dà bí ẹni pé ọyẹ́ bò ó. Ọmọbìnrin náà yọ lẹ́ǹsì, ó fi iná fóònù yẹ inú rẹ̀ wò.

“Bàbá, nǹkan ti hù nínú lẹ́ǹsì yín. Ẹ wò ó, ó funfun bí ara iṣu tó bu. Òkùnkùn àti ọ̀rinrin ló ń fà á. Ṣé ẹ kì í lò ó ni?”

Mo wò ó. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti etí, ó nà bí gbòǹgbò lọ sí àárín. Ogójì ọdún dín ọ̀kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo ya ẹnu, ọ̀rọ̀ tí mo rò pé mo fẹ́ sọ kọ́ ló jáde.

“Kì í ṣe tèmi,” mo ní.

“Ẹ tètè dá a padà fún ẹni tó ni ín, kó tó jẹ ẹ́ tán,” ọmọ náà ní. Kò mọ ohun tó sọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ fún ìlọ́po méjì.

Mo ra kámẹ́rà náà. N kò sùn dáadáa fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Ìlá.

Kàsìmù wà níwájú ilé rẹ̀. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bíi ti àtijọ́, orúnkún rẹ̀ kò gbà, ó tẹrí ba.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ṣé kò sí?”

“Kàsìmù, Ọ̀gá fi iṣẹ́ rán mi sí ọ,” mo ní. “N kò jẹ́ iṣẹ́ náà.” Mo gbé àpò awọ lé e lọ́wọ́. “Ó ní kí o máa lò ó.”

Kò ṣí i lójú ẹsẹ̀. Ó ti mọ ohun tó wà níbẹ̀, ó ń wọn ìwúwo rẹ̀ lọ́wọ́. 

“Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé mo ṣẹ Ọ̀gá ni. Mo rò pé ó bá mi bínú lọ sí ọ̀run. Bí mo bá ń ṣàdúrà fún òkú, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. N kò mọ ohun tí mo ṣe, mo kàn ń bẹ̀ ẹ́.”

Lẹ́ǹsì ni mo rò pé mo jí. N kò mọ̀ pé ọ̀gá rẹ̀ ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Kò ní kí n dìde, kò sì ní kí n má dìde. Ó pe ìyàwó rẹ̀ kó bá òun mú sípírítì àti aṣọ funfun tó mọ́ wá. Ó jókòó, ó tú lẹ́ǹsì náà palẹ̀ sórí tíréè, ó ń nù ún díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ jáde. Ipa kan kù láàárín, tínínrín bí irun, kò jáde.

Nígbà tó tò ó tán, ó ní kí n gbé kámẹ́rà mi wá. Ó lọ́ ọ mọ́ ọn, ó gbé e sórí ẹsẹ̀, ó gbé bẹ́ńṣì síwájú ògiri. Ó wá mú ìdérí aláàbọ̀ nínú àpò awọ, ó fi ìka nù ún, ó dé e.

“Ẹ jókòó sápá ọ̀tún.”

Mo jókòó. Ó tẹ nǹkan kan lára kámẹ́rà kó lè kó ẹ̀ẹ̀mejì tí a ó yà sórí fọ́tò kan, ó pa iná pupa náà, ó ní ó ń dí òun lójú. Ó wo èmi fúnra mi, kò wo kámẹ́rà.

“Ẹsẹ̀ bàtà méje,” ó sọ fún ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ yí òrùka, ó yà mí.

“Ó kàn yín,” ó ní, ó lọ jókòó sápá òsì.

Mo yí ìdérí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, mo tún yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tan iná pupa padà. Bí mo ṣe ń yí òrùka, iná náà ń sá kiri lójú rẹ̀, nígbà tó dúró, mo tẹ̀ ẹ́.

A wò ó lẹ́yìn kámẹ́rà. Arúgbó méjì jókòó ti ara wọn lórí fọ́tò kan, kò sí ẹni tó jókòó lé ẹnì kejì lórí. Ní apá òsì, etí Kàsìmù mọ́ kedere, ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀, nítorí etí ni iná mi dúró sí. Ní apá ọ̀tún, èmi ni. Gbogbo irùngbọ̀n mi ṣeé kà. Ojú mi dán bí ojú ọmọdé. N kò mọ̀ pé mo rí bẹ́ẹ̀. Kàsìmù wò ó títí, ó mi orí, ó ní, “Hẹn.” Lẹ́yìn náà ó tú lẹ́ǹsì rẹ̀ kúrò lára kámẹ́rà mi, ó gbé e wọlé. Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì bèèrè.

Ẹ̀yin ọmọ wa, iṣẹ́ tó bá wù yín ni kí ẹ kọ́. Kámẹ́rà mi ṣì wà, ẹ wá yá a bí ẹ bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ wá ojú ènìyàn. Fọ́tò yẹn náà wà lára ògiri pálọ̀ mi, mo tẹ̀ ẹ́ ní ńlá. Gbogbo àlejò tó bá wọlé ló máa ń dúró sí iwájú rẹ̀. Wọ́n á ní, “Bàbá, ẹ mà rẹwà níbí o. Ta ló yà yín?”

Mo máa ń dá wọn lóhùn pé Kàsìmù ni. Ó ṣì máa ń dùn mí kí n tó pe orúkọ náà tán.